Ìgbésí Ayé Greene Vardiman Black, Oníṣègùn Eyín tó Fi Ìtọ́jú Irin-Iṣẹ́ Ṣe Ìpìlẹ̀ Iṣẹ́ Rere

Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ló mọ ìṣòro yìí: irin tí a fi ń ha ìdọ̀tí kúrò lára eyín kì í pẹ́ kú, owó tí a ó fi ra tuntun kì í sì í tètè jáde. Ní ibi kan, wọn a máa lo irin tó ti kú lọ títí yóò fi máa ṣe aláìsàn léṣe. Ní ibòmíràn, wọn a da irin tó ṣì dára nù, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń pọ́n ọn. Àdánù ni méjèèjì. Ìgbésí ayé oníṣègùn eyín kan, ará Amẹ́ríkà, lè là wá lọ́yẹ lórí ọ̀ràn yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Greene Vardiman Black, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní baba ìṣègùn eyín òde òní.

Ìbí rẹ̀ àti bí ó ti kọ́ṣẹ́

A bí Black ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 1836, ní oko kan nítòsí ìlú Winchester ní ìpínlẹ̀ Illinois. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí ilé-ìwé lọ ní ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó di ọmọ ọdún 17, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Thomas, tí í ṣe oníṣègùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1857, ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín kan tí ń jẹ́ J. C. Speer ní ìlú Mount Sterling. Oṣù díẹ̀ péré ni ó lò níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ kí ó tó padà sí Winchester láti dá iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ oníṣègùn eyín ti ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà nìyẹn.

Nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, tó jà láti ọdún 1861 sí 1865, Black wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ó sì fara pa níbẹ̀. Ní ọdún 1864, ó kó lọ sí ìlú Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Illinois kan náà, ó sì gbé ibẹ̀ fún ohun tó lé ní 30 ọdún. Níbẹ̀ ni ó ti fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ tí ilé-ìwé kò fún un. Ó kọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà, ó kọ́ bí a ti ń lo ẹ̀rọ awò tí ń mú ohun kéékèèké tóbi, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àwọn ẹ̀rọ tó nílò fún ìwádìí. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀rọ tí a fi ń wọn agbára tí eyín ènìyàn fi ń jẹ oúnjẹ.

Láti ọmọṣẹ́ di olùkọ́

Kò pẹ́ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí pè é. Ó kọ́ni ní ìlú St. Louis, lẹ́yìn náà ní Chicago àti ní Yunifásítì Iowa. Ní ọdún 1891, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní Yunifásítì Northwestern ní Chicago. Nígbà tó sì di ọdún 1897, wọ́n fi í ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín ibẹ̀. Ipò yẹn ni ó wà títí ó fi kú.

Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pọ̀. Ó wádìí àdàlú fàdákà àti mákúrì tí a fi ń dí ihò eyín, ó sì ṣàlàyé bí a ti lè pò ó tí kò fi ní máa sún kì tàbí kí ó máa wú. Ní ọdún 1898, ó ṣe àpèjúwe ìdọ̀tí fẹ́lẹ́ tó ń yọ̀, tó kún fún kòkòrò, tó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Ìdọ̀tí fẹ́lẹ́ yìí náà ni ó máa ń le bí òkúta tí a kò bá fọ̀ ọ́ kúrò, òun sì ni òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó eyín ń fi irin ha lójoojúmọ́. Láti ọdún 1909, òun àti oníṣègùn eyín Frederick McKay jọ ṣe ìwádìí lórí eyín aláàmì àwọ̀ ilẹ̀ tó wọ́pọ̀ ní Colorado. Ọdún 1931, lẹ́yìn ikú Black, ni a tó mọ̀ pé fúlóráìdì tó pọ̀ jù nínú omi mímu ni ó fà á.

Òǹkà tí ó fi sára irin

Kí Black tó dé, kò sí ìlànà kan tí gbogbo ènìyàn fi ń dárúkọ irin-iṣẹ́ eyín. Black pín wọn sí ìsọ̀rí, ó sì fi òǹkà mẹ́ta ṣe àpèjúwe irin tí a fi ń gé eyín. Òǹkà kìíní ń sọ bí ojú irin ti fẹ̀ tó, ní ìdá mẹ́wàá mìlímítà. Òǹkà kejì ń sọ bí ó ti gùn tó, ní mìlímítà. Òǹkà kẹta ń sọ bí ó ti tẹ̀ sí èèkù rẹ̀ tó, bí a bá pín òbìrí sí ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, irin 10-7-14 jẹ́ irin tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 1, tó gùn ní mìlímítà 7, tó sì tẹ̀ ní ìdá 14 nínú 100.

Ohun kékeré kọ́ ni èyí. Irin tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni a lè dá padà sí ipò rẹ̀ nígbà tó bá kú. Ẹni tí kò mọ bí irin ti rí nígbà tó wà ní tuntun kò lè pọ́n ọn. Yóò kàn máa bà á jẹ́ ni.

Ní ọdún 1908, Black tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí iṣẹ́ abẹ eyín jáde ní apá méjì. Ó fi yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kò sí ohun tó ṣe pàtàkì nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn ju ìtọ́jú ojú irin lọ, àti pé kò sí ẹni tó di oníṣègùn eyín gidi kí ó tó kọ́ bí a ti ń jẹ́ kí irin rẹ̀ mú. Iṣẹ́ oníṣègùn fúnra rẹ̀ ni ó ka ìpọ́nrin sí. Kò kà á sí iṣẹ́ ìránṣẹ́.

Black kú ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1915. Ní ọdún 1918, wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Lincoln Park ní Chicago.

Ohun tí ó yẹ kí àwa náà ṣe

Irin tó kú kì í ká ìdọ̀tí líle kúrò. Ńṣe ni ó ń yọ́ lórí rẹ̀, tí ó sì ń dán an. Ojú lè má rí i mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lábẹ́ èrìgì, àrùn sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Òṣìṣẹ́ yóò wá máa tẹ irin náà mọ́ eyín, ọwọ́ yóò máa ro ó, irin sì lè yọ́ kúrò kí ó gún èrìgì aláìsàn tàbí ìka òṣìṣẹ́ náà.

Àmì irin tó kú kò ṣòro. Bí ẹ bá gbé e sí abẹ́ iná, ojú irin tó mú kì í tàn. Èyí tó ti kú yóò fi ìlà funfun kan hàn. Bí ẹ bá fi kan ọ̀pá ike kékeré tí a ṣe fún ìdánwò, irin tó mú yóò gbé e, èyí tó kú yóò sì máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Kí ẹ tó pọ́n irin, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi í sínú ẹ̀rọ ooru tí ń pa kòkòrò àrùn. Ẹ kò gbọdọ̀ pọ́n irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu aláìsàn jáde. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ìdáàbòbò ojú. Òkúta ìpọ́nrin Arkansas ń fẹ́ òróró. Èyí tí a fi amọ̀ sun ń fẹ́ omi. Ojú irin tí a fi ń ha eyín sábà máa ń pàdé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n igun 70 sí 80. Nítorí náà, kí òkúta àti ojú irin fi ìwọ̀n igun 100 sí 110 síra wọn. Ẹ pọ́n ọn níwọ̀nba, láti ẹ̀yìn ojú irin títí dé ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ sì fi fífà òkúta sísàlẹ̀ parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún fi irin àti òkúta sínú ẹ̀rọ ooru. Ó sàn kí a máa pọ́n irin díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè ju kí a dúró dìgbà tó bá kú pátápátá, nítorí irin tó kú pátápátá ni a máa ń pọ́n jù.

Ẹ má ṣe gbé irin lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ooru ẹ̀rọ náà lè mú kí irin rọ̀, ìrísí rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Àwọn irin kan sì wà tí a fi nǹkan líle bo ojú wọn, tí àwọn tó ṣe wọ́n ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe pọ́n. Ẹ ka ìwé tó bá wọn wá.

Òǹkà tó wà lára ọ̀pọ̀ irin ìha-eyín lónìí kì í ṣe ìwọ̀n bíi ti Black mọ́. Nọ́ńbà tí a fi ń dá irú irin mọ̀ ni. Fún ìdí èyí, ẹ fi irin tuntun kan pamọ́ nínú irú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má ṣe lò ó, kí ó jẹ́ àwòṣe tí ẹ ó máa fi irin tí ẹ ti pọ́n wé. Nígbà tí irin bá ti tín-ín-rín ju àwòṣe rẹ̀ lọ dé ibi tí a fi ń fura sí i, ìpọ́n ti tán fún un. Ó lè ṣẹ́ sínú èrìgì aláìsàn. Ibẹ̀ ni ríra tuntun ti di dandan. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan a máa pààrọ̀ ojú irin tó ti jẹ tán, kí wọ́n sì dá èèkù rẹ̀ padà fún oní-nǹkan. Ó yẹ kí a béèrè owó rẹ̀ kí a tó ra odindi.

Bí ọ̀gá yín bá béèrè ìdí tí ẹ fi ń fẹ́ òkúta ìpọ́nrin àti àkókò tí ẹ ó fi lò ó, ẹ ṣàlàyé fún wọn pé ìtọ́jú aláìsàn ni. Bí Black ṣe kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nìyẹn.