Leonhard Euler: Ọmọ Olùṣọ́-Àgùntàn tí Ó Di Ọ̀gá nínú Ìṣirò

Nínú àwọn ẹni ńlá tí ó yẹ kí a rántí ní àkókò àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa, a yan Leonhard Euler. A bí i ní ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, ọdún 1707, ní ìlú Basel, ní ilẹ̀ Switzerland. Paul Euler, baba rẹ̀, jẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ, òun náà ni ó sì kọ́kọ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ìṣirò nínú ilé.

Ọmọ ọdún 13 ni Euler nígbà tí ó wọ yunifásítì Basel. Ìfẹ́ baba rẹ̀ ni pé kí ọmọ náà gun àga ìwàásù lẹ́yìn òun. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ọmọ náà a máa tọ ọ̀jọ̀gbọ́n Johann Bernoulli lọ, kí ó lè là á lóye níbi tí ìwé ìṣirò bá ti rú u lójú. Bernoulli rí ẹ̀bùn tí ó wà lára rẹ̀, ó bá baba rẹ̀ sọ̀rọ̀, baba sì gbà. Ìpinnu yìí kì í ṣe ohun kékeré. Baba fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 1727, Euler lọ sí St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ibẹ̀ ni ó wà tí ó fi gbọ́ nípa àwọn afárá ìlú Königsberg. Afárá méje ni ó so ilẹ̀ mẹ́rin pọ̀ lórí odò Pregel, ìbéèrè sì ni bóyá ènìyàn lè gba orí gbogbo wọn kọjá ní ẹ̀ẹ̀kan péré, láìtún èyíkéyìí gùn. Ní ọdún 1735, Euler fi hàn pé kò ṣeé ṣe. Bí a bá gba afárá kan wọ ilẹ̀, òmíràn ni a ó gbà jáde. Nítorí náà, yàtọ̀ sí ibi tí ìrìn ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, iye afárá ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ní Königsberg, ilẹ̀ kan ní afárá márùn-ún, àwọn mẹ́ta yòókù ní mẹ́ta-mẹ́ta. Láti inú èrò yìí ni ẹ̀ka ìṣirò tí a ń pè ní graph theory ti hù, èyí tí kọ̀ǹpútà ń lò lónìí láti wá ọ̀nà tí ó kúrú jù láàrin ìlú méjì.

Ìdánwò kò yà á sọ́tọ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún 32 tí ojú ọ̀tún rẹ̀ fi fọ́. Nínú ọmọ 13 tí Katharina aya rẹ̀ bí fún un, mẹ́jọ kú ní kékeré. Ní ọdún 1741, ó lọ sí Berlin lábẹ́ ọba Frederick, ó sì lo ọdún 25 níbẹ̀. Ní ọdún 1747, ó kọ ìwé láti gbèjà Ìwé Mímọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣàtakò sí i. Ó padà sí Rọ́ṣíà ní ọdún 1766. Kò pẹ́, ojú kejì náà ṣú. Ní ọdún 1771, iná jó ilé rẹ̀, ará Basel kan ni ó gbé e jáde. Ní ọdún 1773, Katharina kú.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò dúró. Ó ń ka iṣẹ́ náà sórí, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lé ní 800 iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ó ṣe nígbà tí kò ríran mọ́. A gbọ́ pé ọmọ iṣẹ́ aránṣọ kan ni ó pe ìwé rẹ̀ lórí áljẹ́brà fún. Nígbà tí ìwé náà yóò fi parí, ọmọ náà ti mọ áljẹ́brà. Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1783, lẹ́yìn tí ó ti jíròrò lórí ìrìn pílánẹ́ẹ̀tì Uranus, ó kú ní ẹni ọdún 76.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a máa wo ẹ̀bùn ọmọ kí a tó yan iṣẹ́ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, bí ojú ọ̀nà kan bá dí, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi rán yín ti parí.