Aréògún Ará Òsí: Agbẹ́gilére Tí Ó Gbẹ́ Ohun Èlò Ifá

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa ohun tí babaláwo fi ń dífá, yóò ka ikin, ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọpọ́n, agẹrẹ àti ìrọ́kẹ́ láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè ẹni tí ó gbẹ́ wọn, kẹ́kẹ́ a pa mọ́ ọn lẹ́nu. Àwa olùkọ́ ni a jẹ̀bi. A ti sọ ọ́ di àṣà láti máa kọ́ wọn pé iṣẹ́ ọnà Yorùbá kò ní olúwa. Ìgbésí ayé Aréògún fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí.

Nǹkan bí ọdún 1880 ni wọ́n bí i ní Òsí, ìlú Èkìtì kan tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Nítorí pé abẹ́ Ìlọrin ni ìlú náà wà láyé ìjọba amúnisìn ni àwọn òǹkọ̀wé fi ń pè é ní Òsí-Ìlọrin. Dàda ni orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀. Ìgékúrú oríkì ni Aréògún, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹni tí ó ń fi irin Ògún rí owó, tí ó sì ń ná an fún àlejò. Àwọn mìíràn a máa kọ ọ́ ní Arówóògún. Ẹni kan náà ni. Ọ̀dọ̀ Bámgbóṣé, ọ̀gá agbẹ́gilére ní Òsí, ni ó ti kọ́ṣẹ́.

Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ náà ní lọ́dọ̀ wọn: ọ̀nà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Nígbà tí a bá ń lé ọ̀nà, àáké ni yóò fi ibi tí orí àti ẹsẹ̀ yóò wà hàn lára igi. Àlétúnlé ni yóò pín wọn sí ojú, etí àti ìka. Lẹ́yìn dídán ni ọ̀bẹ yóò wá fín irun, ilà àti ìpéǹpéjú.

Aréògún gbẹ́ ère Epa àti ilẹ̀kùn ọlọ́nà, ṣùgbọ́n ohun èlò Ifá ni ó kàn wá níhìn-ín. Àyè agbẹ́gilére kò pọ̀ lórí ọpọ́n Ifá. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú kí ìyẹ̀ròsùn lè gba ojú odù. Etí ọpọ́n nìkan ni ó kù fún ọnà, ibẹ̀ náà sì ni ojú Èṣù ń gbé tí ó ń wo babaláwo. Àwo onídèérí tí a ń kó ohun èlò Ifá sí yàtọ̀, nítorí ara rẹ̀ fẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Aréògún a máa gbẹ́ jagunjagun orí ẹṣin, a sì máa gbẹ́ ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ nínú aṣọ òyìnbó. Lójú tiwa, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ náà ń lọ dáfá.

Ọ̀ṣámúkọ, ọmọ iṣẹ́ Aréògún, ni ó kọ́ Bándélé, ọmọ bíbí Aréògún, níṣẹ́. Ní ọdún 1947, Fadá Kevin Carroll bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Bándélé sì lọ ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Baba rẹ̀ ṣì wà láyé nígbà náà. Ọdún 1954 ni ó kú. Ọ̀dọ̀ Bándélé ni Lamidi Fakeye ti kọ́ṣẹ́ kí ó tó di olùkọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Ìpele mẹ́rin ti Òsí náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé, ìbáà jẹ́ agẹrẹ Ifá ni wọ́n ń gbẹ́ tàbí ère Màríà.