James Watt àti Ìwọ̀n Agbára

Ní ìlú Greenock, ní ilẹ̀ Scotland, ni a gbé bí James Watt ní ọdún 1736. Alágbẹ̀dẹ ohun èlò ìwọ̀n ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Glasgow ni wọ́n ti fún un ní ẹ̀rọ Newcomen kékeré kan láti tún ṣe. Ó rí i pé ẹ̀rọ náà ń fi oru omi ṣòfò, nítorí inú àgbá rẹ̀ gan-an ni a ti ń fi omi tútù pa oru náà. Ní ọdún 1765 ó rò ó pé kí àgbá mìíràn wà fún èyí.

Wàyí o, bí yóò ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ọ̀ràn tí ó le. Lọ́wọ́ àwọn tí ó ní ẹ̀rọ àtijọ́, òun àti Boulton, ẹnìkejì rẹ̀, a máa gba ìdámẹ́ta owó èédú tí ẹ̀rọ tuntun bá mú dín kù. Ṣùgbọ́n kí ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ́ pé ẹṣin ni ó fi ń yí ọlọ? Watt fi lélẹ̀ pé agbára ẹṣin kan ni kí a gbé 33,000 pọ́n-ùn ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní tiwa, ẹṣin tí ó lè ṣe tó bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò pọ̀.

Ó kú ní 1819. Ní 1882 ni William Siemens dábàá pé kí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìwọ̀n agbára. Agbára ẹṣin kan súnmọ́ 746 watt. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ṣì ń ṣì í mú: watt kì í ṣe iye iṣẹ́ tí a ti ṣe, bíkòṣe bí iṣẹ́ náà ti ń yára tó. Iná mànàmáná 60 watt tí ó tàn fún wákàtí 10 ti jẹ 600 watt-wákàtí, èyí sì ni mítà ń kà. Ẹ̀rọ amúnáwá 1,000 watt tí a kò tan rárá kò ì tíì fún wa ní ohunkóhun.