Alfred Lion, ará Berlin tó gbé orin Yorùbá sórí àwo Blue Note

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1963, Solomon Ilori, ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà, kó àwọn onílù rẹ̀ wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní Englewood Cliffs, ìlú kékeré kan ní New Jersey tí kò jìnnà sí New York. Ìlù tó ń fọhùn wà níbẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, sákárà náà wà níbẹ̀. Àwo tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà jáde lọ́dún kan náà pẹ̀lú orúkọ African High Life. Orin mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, Iṣẹ́ Olúwa tí gbogbo wa mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lára wọn. Ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde ni Blue Note. Alfred Lion ló dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀, òun náà ló ń pinnu ẹni tí wọn yóò gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa lè béèrè pé kí ni ti ará Jámánì nínú ìtàn àjogúnbá Yorùbá tí à ń kó jọ ní abẹ́ òkè Ìdáàṣà níhìn-ín. A gbà pé ìbéèrè náà tọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn rẹ̀ ná.

Wọ́n bí Alfred Lion ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1908 ní Schöneberg, ní Berlin, nínú ìdílé Júù. Ọ̀dọ́mọkùnrin ṣì ni ní ọdún 1925 nígbà tí Sam Wooding, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, kó ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ wá sí Berlin. Lion lọ gbọ́ wọn, jáàsì sì wọ̀ ọ́ lára. Kì í ṣe olórin fúnra rẹ̀. Àwo ló ń wá kiri.

Kò pẹ́ tó fi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí New York. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ yẹn kò dára rárá. Ó ṣiṣẹ́ ní èbúté, ó sun ìta, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì lù ú nítorí pé àjèjì ni, débi pé ó ní láti padà sílé. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní 1933, Jámánì kò gba Júù mọ́. Lion gba Gúúsù Amẹ́ríkà kọjá, ó sì padà dé New York nígbà tí àwọn ọdún 1930 ń lọ sópin. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dúró.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1938, ó wà láàárín èrò ní Carnegie Hall, níbi tí John Hammond ti kó àwọn olórin aláwọ̀ dúdú jọ sórí ìtàgé. Albert Ammons àti Meade Lux Lewis tẹ dùùrù níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1939, Lion háyà ilé ìgbohùnsílẹ̀, ó ra ọtí fún àwọn méjèèjì, ó ní kí wọ́n tẹ ohun tó bá wù wọ́n. Max Margulis, òǹkọ̀wé kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi owó sí i. Bí Blue Note ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìṣòro kan yọjú lójú ẹsẹ̀. Àwo tí gbogbo ènìyàn ń lò nígbà náà jẹ́ íńṣì 10, kì í sì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Àwọn orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kàkà kí Lion gé orin, àwo íńṣì 12 ló mú, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń fi pamọ́ fún orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù. Lójú tiwa, inú ìpinnu kékeré yìí ni ìwà ọkùnrin náà ti hàn jù. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, Sidney Bechet, ọmọ New Orleans, fi saxophone kọ Summertime fún un, àwo náà sì tà. Ní ìparí ọdún yẹn, Francis Wolff, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ní Berlin, bá ọkọ̀ ojú omi sá dé. Ayàwòrán ni. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gbé ilé iṣẹ́ náà dúró fún ohun tó lé ní ọdún 25, àyàfi ìgbà tí iṣẹ́ ológun gba Lion lọ́wọ́ Wolff láàárín 1941 sí 1943.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yẹ ká dúró lé lórí. Àwọn olórin máa ń ṣeré ní ilé ijó títí di òru, nítorí náà Lion máa ń ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ fún wọn nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Oúnjẹ àti ọtí wà nílẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ ìgbohùnsílẹ̀, ó máa ń sanwó kí wọ́n lè fi ọjọ́ bíi méjì pàdé fi orin dánra wò. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìgbà náà kò ṣe irú rẹ̀. Láti 1953, Rudy Van Gelder ló ń gba ohùn sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ ẹ̀yẹwò ojú ni Van Gelder ń ṣe lójúmọmọ, pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack ló sì fi ṣe ilé ìgbohùnsílẹ̀, kó tó kọ́ èyí tó wà ní Englewood Cliffs ní 1959. Wolff ń ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, Reid Miles sì ń fi àwòrán náà ṣe ẹ̀yìn àwo. Ọjọ́, àkọlé orin, orúkọ ẹni tó lu ohun èlò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Lion ní sùúrù pẹ̀lú olórin ju bí owó ṣe gbà lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1947 ló kọ́kọ́ gba Thelonious Monk sílẹ̀. Àwọn ènìyàn kò ra á. Wọ́n ní atẹdùùrù náà kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Lion tún pè é padà, ó tún pè é, títí di 1952. Lónìí, kò sí ẹni tó ń kọ́ jáàsì tí kò kọ́ orin Monk.

Onílù tó bá Monk ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyẹn ni Art Blakey, ọ̀nà tirẹ̀ sì ni orin wa gbà wọ Blue Note. Blakey fẹ́ràn kí onílù pọ̀. Lion jẹ́ kó kó wọn jọ ní 1957 fún Orgy in Rhythm, ó tún gbà á láàyè ní 1958. Ní oṣù kìíní ọdún 1962 ni wọ́n wá ṣe The African Beat, Solomon Ilori sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orin tirẹ̀. Nígbà yẹn, Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, ti gbé Drums of Passion jáde ní Columbia, ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ẹ̀yìn àwo Blakey náà yóò rí i pé Robert Crowder lu batá, Garvin Masseaux lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, James Ola Folami lu kóńgà. Kò sí ẹnì kankan tí wọ́n pè ní onílù Áfíríkà lásán.

Àṣìṣe wà níbẹ̀ o. Wọn kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ife l'Ayo ni wọ́n tẹ̀, a sì lè rò pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Tobi Ilu, ṣé ìlú ni àbí ìlù? Ẹni tí kò bá gbọ́ orin náà kò lè fi lẹ́tà nìkan mọ̀ ọ́n.

A kò lè fi èyí bú ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tó wà nínú àpótí ẹgbẹ́ wa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú, ti oyè jíjẹ, ti orin àwọn ìyá àgbà ní Dassa yìí wà níbẹ̀, tí kò sí orúkọ akọrin kan lára wọn, tí kò sí ọdún. Àwọn tó gbà á sílẹ̀ rò pé àwọn kò ní gbàgbé. Díẹ̀ nínú wọn ti kú. Ní Cotonou, Adissa Seidou dá Albarika Store sílẹ̀, orúkọ tí ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ pé àlùbáríkà ni, ó sì gbé àwo Orchestre Poly-Rythmo jáde. Ilé iṣẹ́ kan láti Jámánì, Analog Africa, ló wá kó púpọ̀ nínú orin wọ̀nyẹn jọ tó tún wọn gbé jáde ní 2009.

Àṣeyọrí ló wá ṣòro fún Lion nígbẹ̀yìn. The Sidewinder ti Lee Morgan, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní oṣù kejìlá 1963, tà ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn alágbàtà fẹ́ òmíràn bẹ́ẹ̀ kíákíá, síbẹ̀ wọn kì í tètè sanwó èyí tí wọ́n ti gbà. Ní 1965, ó ta Blue Note fún Liberty. Àìsàn ọkàn ń dà á láàmú. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1967, ó kó lọ sí Mẹ́síkò, Wolff sì ń bá iṣẹ́ lọ títí tó fi kú ní 1971. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Blue Note dàbí ohun tó ti sùn, títí wọ́n fi jí i ní 1985. Lion wà ní Town Hall ní New York nígbà tí wọ́n ṣe àjọyọ̀ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Japan, èrò sì yọ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 1987, ó kú ní San Diego, ní ẹni ọdún 78.

Ohun kan ṣẹ́kù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1964, Lion tún pe Ilori padà, ó sì fi Donald Byrd, Hubert Laws àti Elvin Jones kún àwọn tó bá a ṣe é. Kò gbé e jáde. Téèpù náà wà nípamọ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ gbogbo wọn, títí di 2006 tí wọ́n fi kún African High Life lórí CD. Lion ti kú ní ọdún 19 ṣáájú.