Rebecca Lancefield: Obìnrin tó tú àṣírí kòkòrò tó ń pa abiyamọ

Ọdún 1895 ni wọ́n bí Rebecca Lancefield ní Staten Island, ní New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1918, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí Rockefeller, níbi tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní streptococcus.

Lásìkò náà, ibà tó ń mú abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ ń sọ ilé ìwòsàn di ilé ẹkún. Àmọ́ streptococcus wà lára ẹni tí ara rẹ̀ le pẹ̀lú. Ta ni yóò mọ apani yàtọ̀?

Omi ẹ̀jẹ̀ ehoro ni Lancefield fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá bá ohun tí wọ́n fà jáde lára kòkòrò kan mu, omi náà á dàrú. Lọ́dún 1933, ó fi ọgbọ́n yìí pín wọn sí ìdílé A títí dé E. Lọ́dún 1935, òun àti Ronald Hare fi hàn pé ìdílé A ló ń ṣe abiyamọ níkà jù. Ó tún pín ìdílé A sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, èyí tó jẹ́ kí ilé ìwòsàn lè wádìí bóyá kòkòrò kan náà ló ń ran aláìsàn kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ọdún 1981 ló kú, lẹ́ni ọdún 86. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe ìpín náà.