Jacques Cousteau: Ọkùnrin tó jà kí òkun Mẹditaréníà má baà di ààtàn

Tí a bá dárúkọ òkun Mẹditaréníà lórí ìròyìn láyé ìsinsìnyí, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi ẹ̀mí ara wọn wewu láti gba ibẹ̀ kọjá sí Yúróòpù. Ṣùgbọ́n òkun náà fúnra rẹ̀ ní ewu tiẹ̀. Ilẹ̀ ló yí i ká. Ibi tó ti pàdé òkun Àtìláńtíìkì, ìyẹn ní Gibraltar, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 14 lọ níbi tó ti fún jù. Nítorí èyí, àwọn onímọ̀ ní ó máa ń tó nǹkan bí 80 sí 100 ọdún kí omi tó wà nínú rẹ̀ tó pààrọ̀ tán. Ìdọ̀tí tí èèyàn bá dà síbẹ̀ kì í tètè lọ. Lára àwọn tó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ èyí ni Jacques-Yves Cousteau, ọmọ ilẹ̀ Faransé.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní Saint-André-de-Cubzac, ìlú kékeré kan nítòsí Bordeaux. Ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi, ohun tó sì wù ú ni pé kó máa wa bàálù. Ìjàǹbá mọ́tò ló da ètò yẹn rú. Apá rẹ̀ fara pa gan-an, ọ̀rọ̀ bàálù sì parí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Toulon, létí òkun Mẹditaréníà, ó ń wẹ̀ nínú òkun kí apá rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò. Ní 1936, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ jẹ́ ológun, Philippe Tailliez, yá a ní awò tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi. Cousteau ki orí bọ omi, ó rí ẹja, ó rí koríko òkun, ó rí àpáta. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn rẹ̀ ti kúrò lórí ilẹ̀.

Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ lábẹ́ omi gbọ́dọ̀ dé akoto irin wúwo, kí wọ́n sì máa fi okùn rọ́bà fẹ́ atẹ́gùn sí i láti inú ọkọ̀. Ibi tí okùn bá gùn mọ ló lè rìn mọ. Ní 1943, nígbà ogun àgbáyé kejì, Cousteau àti ẹnjiníà kan, Émile Gagnan, wá nǹkan ṣe sí i. Gagnan ti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ kí mọ́tò lè lo gáàsì, torí pé epo bẹntiróòlù ṣọ̀wọ́n lásìkò ogun. Wọ́n tún ẹ̀rọ yẹn ṣe, wọ́n so ó mọ́ sílíńdà atẹ́gùn tí èèyàn lè pọ̀n sẹ́yìn. Ìgbà tí èèyàn bá mí sínú nìkan ni atẹ́gùn ń jáde, agbára tó fi ń jáde sì máa ń bá bí omi ṣe jìn tó mu. Ẹ̀rọ yìí ló sọ wíwẹ̀ lábẹ́ òkun di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ara wọn rí ohun tó jẹ́ pé àwọ̀n ni wọ́n fi ń wọ́ ọ sókè tẹ́lẹ̀.

Ní 1950, olówó kan bá a ra ọkọ̀ ogun àtijọ́ tí wọ́n fi ń wá bọ́ǹbù inú omi, ó sì ń gba owó ilẹ̀ Faransé kan péré lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún. Calypso ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀, Simone, ta lára ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ náà lè gbéra. Fíìmù tí Cousteau àti Louis Malle ṣe nípa ìrìn àjò wọn gba ẹ̀bùn tó ga jù lọ ní Cannes lọ́dún 1956, ó sì gba Oscar.

Àmọ́ ká má parọ́, ọwọ́ Cousteau kò mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú fíìmù yẹn kan náà, wọ́n ju dánámáìtì sí àárín àpáta iyùn kí wọ́n lè ka ẹja tó wà níbẹ̀. Ọkọ̀ wọn ṣe ọmọ àbùùbùtán kan léṣe. Nígbà tí àwọn ẹja àkurákudà wá jẹ òkú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fa àwọn yẹn sókè, wọ́n sì pa wọ́n. Ní 1954, Calypso tún bá iléeṣẹ́ epo ṣiṣẹ́, ó ń wá epo rọ̀bì lábẹ́ òkun nítòsí Abu Dhabi. Owó ni wọ́n ń wá nígbà yẹn. Ìyípadà dé bá ọkùnrin yìí díẹ̀díẹ̀.

Ní 1957, wọ́n fi í ṣe olùdarí mùsíọ́ọ̀mù òkun ní Mónákò. Ilé ńlá yìí, tí Ọmọ Ọba Albert Kìíní kọ́, ṣí ilẹ̀kùn ní 1910, ọdún tí wọ́n bí Cousteau gan-an. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó débẹ̀ ni ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń rí sí átọ́míìkì ń múra láti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí olóró dà sínú òkun Mẹditaréníà, láàárín Corsica àti etí òkun Faransé. Cousteau ní rárá. Ó ta ko ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní gbangba, àwọn ará ìlú etí òkun àti ọba Mónákò náà sì figbe ta. Ìjọba fi ètò ọ̀hún sílẹ̀. Síbẹ̀, kò tán síbẹ̀ o. Nígbà tó yá, ní 1967 àti 1969, Faransé wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ lọ sínú Àtìláńtíìkì.

Ẹnì kan kò lè dá dáàbò bo òkun tí orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 pín láàárín ara wọn. Ní 1975, àwọn ìjọba agbègbè náà pàdé ní Barcelona lábẹ́ àbójútó Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní oṣù Kejì ọdún 1976, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn láti gba òkun náà lọ́wọ́ ìdọ̀tí. Àwọn tó ń bára wọn ṣọ̀tá jọ jókòó sí tábìlì kan náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Cousteau gbé Calypso yí òkun náà ká láti wo bó ṣe rí. Ohun tó bá bọ̀ ni pé májèlé nìkan kọ́ ló ń pa òkun. Ẹja tí wọ́n ń pa láìfi ti ọmọ inú rẹ̀ ṣe, àti ilé tí wọ́n ń fi iyanrìn tì wọ inú omi níbi tí ẹja ń yé sí, náà ń ṣe é bíi májèlé.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1979, ọmọ rẹ̀ Philippe, ẹni ọdún 38, tó yẹ kó jogún iṣẹ́ náà, kú nínú ìjàǹbá bàálù nítòsí Lisbon. Òfò ọmọ, Ọlọ́run má fi ṣe wá. Ẹ̀gbọ́n Philippe, Jean-Michel, ló wá dúró ti bàbá rẹ̀.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tó yẹ ká rántí. Ní 1984, àwọn onímọ̀ rí ewé òkun àjèjì kan tó ń hù lábẹ́ mùsíọ́ọ̀mù tí Cousteau ń darí gan-an. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé inú àwọn táǹkì ẹja ilé náà ló ti bọ́ sínú òkun. Ó tàn kálẹ̀ dé etí òkun orílẹ̀-èdè mìíràn, ó ń fún koríko òkun ibẹ̀ pa. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé náà lè ṣèèṣì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Cousteau kú ní Paris ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1997, lẹ́ni ọdún 87. Ìlú tí wọ́n bí i sí ni wọ́n sin ín sí.

Kí ló kàn wá níbí? Irú àdéhùn Barcelona yẹn wà fún òkun tiwa náà. Abidjan ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní 1981, Nàìjíríà, Benin àti Togo sì wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo etí òkun wa lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ rí ọ̀rá àti ike tó ń bá omi lọ. Ẹ bi àwọn apẹja Ìlàjẹ àti Badagry bóyá àwọ̀n wọn ṣì ń wúwo bíi ti ayé bàbá wọn. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí kò lè pa ìdọ̀tí mọ́. Èèyàn tí yóò fi ojú ara rẹ̀ wò ó, tí yóò sì pariwo sétí ìjọba, ni òkun nílò.