Ibn al-Haytham, Ọmọwé Tó Wádìí Ìmọ́lẹ̀

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ kàn lóṣù yìí ni Abu Ali al-Hasan ibn al-Haytham, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Alhazen. Basra, ní ilẹ̀ Iraq, ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 965.

Àwọn òpìtàn ní ó sọ níjọ́ kan pé òun lè wá nǹkan ṣe sí àkúnya odò Náílì. Ọ̀rọ̀ náà dé etí al-Hakim, ọba Íjíbítì, ó sì ránṣẹ́ pè é. Ibn al-Haytham kó àwọn oníṣẹ́ dání, wọ́n gòkè odò lọ títí dé agbègbè Aswan. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn ilé ńláńlá tí àwọn ará àtijọ́ kọ́, ó sì yé e pé bí iṣẹ́ náà bá ṣeé ṣe ni, àwọn wọ̀nyẹn ìbá ti ṣe é. Ó padà sí Káírò pẹ̀lú ìtìjú. Al-Hakim kì í ṣe ọba tí ènìyàn ń já kulẹ̀, nítorí ó máa ń pa àwọn ìjòyè rẹ̀. Ni ọmọwé wa bá díbọ́n bí wèrè, wọ́n sì sé e mọ́lé títí ọba fi pòórá lọ́dún 1021.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni a gbà pé ó kọ Kitab al-Manazir, ìwé alápá méje lórí ìmọ́lẹ̀ àti ìríran. Àwọn ọmọwé Gíríìkì bíi Euclid ti ní ojú ló ń tan ìtànṣán jáde kí ó tó ríran. Ó kọ̀ ọ́: bí a bá tẹjú mọ́ oòrùn, ojú a máa dùn wá, ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ inú ojú. Ó tún to fìtílà mélòó kan síta yàrá òkùnkùn tó ní ihò kékeré. Fìtílà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ lára ògiri. Bí ó bá bo ọ̀kan, tirẹ̀ nìkan ló ń lọ. Ìmọ́lẹ̀ kọjá ara wọn nínú ihò kan, wọn kò sì da ara wọn rú. (Ẹ ti fèrèsé yàrá yín lọ́sàn-án, kí ẹ dá ihò kan sí i: ẹ ó rí igi ìta lára ògiri, orí rẹ̀ nísàlẹ̀.)

Ohun tó rí yìí gan-an ló ń yọ àwọn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà quantum lẹ́nu lónìí. Kọ̀ǹpútà tiwa ń fi 0 tàbí 1 ṣírò. Fótọ́ọ̀nù, ègé ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ, lè gbé méjèèjì pọ̀ títí a ó fi wò ó. Ṣùgbọ́n ìṣirò fẹ́ kí ọ̀kan kan èkejì lára, fótọ́ọ̀nù kò sì ń kan ara wọn. Lọ́dún 2001, Knill, Laflamme àti Milburn fi hàn pé dígí tó ń pín ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń ka fótọ́ọ̀nù lè yanjú rẹ̀. Lọ́dún 2025, iléeṣẹ́ Xanadu ní Kánádà fi wáyà onídígí tó gùn tó kìlómítà 13 so páálí ẹ̀rọ 35 pọ̀. Fótọ́ọ̀nù tó ń sọnù lójú ọ̀nà ni ìṣòro tó kù, kò sì kéré.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀, nítòsí mọ́sáláṣí Azhar ló ń gbé. Ó ń da ìwé Euclid àti Ptolemy kọ tà, owó rẹ̀ ló sì ń jẹ títí ó fi kú ní Káírò ní nǹkan bí ọdún 1040. Wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ ní èdè Látìn ní Basel lọ́dún 1572.